Páálí Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Màmá Mi

Tí ẹ bá bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ojú á kọ́kọ́ tì mí kí n tó dáhùn. Iṣẹ́ iná ni. Mò ń gbé iná wọ ilé àwọn tí kò ní iná, ní orílẹ̀-èdè Nepal, ní ilẹ̀ Éṣíà lọ́hùn-ún, níbi tí òkè ti ga débi pé ìkùukùu ń gba ìsàlẹ̀ ilé ẹlòmíràn kọjá. Sólà la fi ń ṣe é: pátákó tí ń gba oòrùn lórí òrùlé, bátìrì nínú ilé, gílóòbù díẹ̀, ó parí. Níbi tí odò bá ti lágbára, a ń fi omi yí ẹ̀rọ iná, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ti ń fi sítóòfù oníná se oúnjẹ. Wáyà ìjọba kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá gbọ́ irú iṣẹ́ yìí a ní Ọlọ́run á san án fún mi. Mo máa ń ṣe àmín, ojú á sì máa tì mí, torí mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ìyá tó bí mi.

Fẹ́sítákì ni wọ́n bí mi sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá mi àti màmá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ilé wa wà nísàlẹ̀, àwọn ará òkè ń gbé lórí wa, nínú búlọ́ọ̀kù kan tí kò fẹ́ẹ̀ẹ́ rí ọ̀dà mọ́. Bàbá ti lọ, Màmá nìkan ló kù síbẹ̀, wọ́n sì ní ikọ́ fée. Oògùn rẹ̀ wà, ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n fi ń fà á símú, ṣùgbọ́n iná ni ẹ̀rọ náà ń lò. Tí iná ìjọba bá ti lọ, àfi kí Màmá tan jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Èéfín jẹnẹrétọ̀ náà ló sì ń gbé ikọ́ náà dìde. Ẹ gbọ́ irú ayé tí èèyàn ń jẹ o: wọ́n á tan ohun tó ń dá wọn lóró kí wọ́n tó lè lo ohun tó ń wò wọ́n sàn.

Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé mo ti ríṣẹ́ sí òkèèrè, ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè.

“Iṣẹ́ kí ni?”

“Iṣẹ́ iná, Mà. A ó máa gbé iná lọ sí àwọn abúlé.”

“Abúlé ibo?”

Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ju òkúta ẹ̀wà kan sílẹ̀. “Ìyáà mi,” ni wọ́n wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí, torí kò pẹ́ tí ìyá wọn kú ni wọ́n bí mi. “Ìyáà mi, ṣé gbogbo ibi tó ṣókùnkùn nítòsí ni wọ́n ti tàn tán ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Mo kà á sí àwàdà. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni iná ti lọ.

Kí n tó lọ, Màmá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wọn, wọ́n ń wá nǹkan tí wọ́n máa dì fún mi, mo sì rí àwọn abọ́ tánganran tí mo fi owó oṣù mi àkọ́kọ́ rà fún wọn. Wọ́n ṣì wà nínú ìwé tí wọ́n fi dì wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí. Nǹkan tuntun kì í kúrò nínú náílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ wọn bọ̀rọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ èmi ni mo rà á. Mo ní, “Màmá, ìgbà wo lẹ máa jẹun nínú abọ́ yìí?” Wọ́n ní, “Ọjọ́ tí o bá mú ọkọ wálé.” Bí a ṣe fi ẹ̀rín pín yà nìyẹn.

Òtútù ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ lọ́hùn-ún. N ò mọ̀ pé eyín èèyàn lè máa lu ara wọn láì jẹ́ pé ó ń bínú. Lẹ́yìn òtútù, orí àwọn èèyàn. Ilé àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, mo bi baálé ilé bóyá ó fẹ́ ká gbé iná wọlé òun. Ó mi orí sọ́tùn-ún, ó mì ín sósì, jẹ́ẹ́jẹ́. Mo ní kò burú, mo kó irin iṣẹ́ mi, mo sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Sunita sáré tẹ̀ lé mi. Òun ni ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó tún ń bá mi túmọ̀ èdè. Ó ní, “Dìdì, níbo lẹ̀ ń lọ? Ọkùnrin yìí ní òun fẹ́ ẹ!” Bí wọ́n ṣe ń sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni” nìyẹn. Ní Fẹ́sítákì, tí mo bá mi orí báyìí fún ìyá mi, ìgbátí ni.

“Dìdì” tó ń pè mí yẹn, ẹ̀gbọ́n obìnrin ni. Wọn kì í pe àgbà lórúkọ níbẹ̀. Ìyá àgbà, “àmà” ni gbogbo ayé ń pè é, ẹni tó bí àti ẹni tí kò bí. Èyí fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo ní àwọn wọ̀nyí lẹ́kọ̀ọ́. Ni mo bá kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà kan bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ìyá pariwo, wọ́n gbá mi mú lápá, wọ́n rò pé gíga òkè ló ń yọ mí lẹ́nu, pé mo ń dákú. Wọ́n fi aṣọ bò mí, wọ́n fún mi ní tíì gbígbóná tí wọ́n fi wàrà sè. N ò lè ṣàlàyé, mo mu tíì. Sunita rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Igi ni wọ́n fi ń dáná nínú ilé wọn, ilé náà kò ní fèrèsé tó ga, èéfín a máa rìn kiri àjà bí ẹni tó ń wá nǹkan. Àwọn obìnrin wọn ń wúkọ́. Ikọ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni mo gbọ́ dàgbà.

Ọjọ́ tí iná tàn nílé kan fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ń retí igbe. Nílé, tí iná bá dé, gbogbo kílóòsì, àdúgbò wa látòkè délẹ̀, ló ń kígbe, ọmọdé àtàgbà. Níbẹ̀, wọ́n dákẹ́ ni. Ìyàwó ilé wo gílóòbù, ó wo ògiri, ó rí bí èéfín ọjọ́ pípẹ́ ṣe kùn ún dúdú. Ó mú àkísà, ó rẹ ẹ́ sómi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ògiri. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé mo kọrin sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ohùn mi ò sì dáa. Nígbà tí mo délé tí mo fẹ́ pe Màmá láti ròyìn, mo gbé fóònù, mo tún gbé e sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Pé mo tan iná nílé ìyá ẹlòmíràn?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń sọ nílé kọ̀ọ̀kan kí n tó jáde. Mo kọ́ ọ lédè wọn títí n kò fi nílò Sunita mọ́. Mo máa ń ní: bátìrì yìí, ẹ mú un bí ẹran ọ̀sìn. Tí ẹ bá so ó mọ́lẹ̀ tí ẹ ò fún un lóúnjẹ, á kú. Oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ má gbé e pamọ́, ẹ máa lò ó lójoojúmọ́. Wọ́n á mi orí sọ́tùn-ún, wọ́n á mì ín sósì. Èmi náà á mi tèmi.

Nígbà tí ọwọ́ mi dẹ̀ díẹ̀, mo ra sólà fún Màmá. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Mazamaza, nítòsí Fẹ́sítákì, ni mo ti fi fóònù rà á: pátákó, bátìrì, gbogbo ohun tó yẹ. Mo bá Kọ́lá oníná sọ̀rọ̀, ará Ìjẹ̀gùn ni, òun ló fa wáyà ilé wa, pé kó lọ bá wọn kàn án. Ọjọ́ tí ẹrù náà délé, Màmá pè mí, wọ́n súre fún mi títí dátà wọn fi tán.

Lẹ́yìn ìyẹn mo bi wọ́n, “Ṣé Kọ́lá wá?”

“Ó wá.”

“Iná ńkọ́?”

“Ìmọ́lẹ̀ wà, ọmọ mi. Ìmọ́lẹ̀ Olúwa ò ní kú nílé wa.”

“Àmín, Mà. Jẹnẹrétọ̀ ta ni mò ń gbọ́ yẹn?”

“Ti àwọn ará òkè ni.”

Mo gbà. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ẹni tó bá wà lọ́nà jíjìn a máa gba ohun tó bá lè jẹ́ kó sùn. Gbogbo ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ni jẹnẹrétọ̀ yẹn ń ké lẹ́yìn ohùn wọn, Màmá náà á máa kígbe kí n lè gbọ́, èmi á sì máa sọ fún ara mi pé ara ìyá mi mà le o, ẹ gbọ́ ohùn wọn. A ó ṣe bẹ́ẹ̀ parí ọ̀rọ̀, èmi á lọ jókòó síwájú ilé tí mo háyà, n ò ní mọ ẹni tí n ó kí. Epo pupa tí mo gbé dání ti tán. Ẹ̀wà olómi àti ìrẹsì ni oúnjẹ wọn, àárọ̀ àti alẹ́, ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ mi. Ìgbà mìíràn tí mo bá ń tún bátìrì ṣe, Yorùbá ni mo máa ń bá a sọ. “Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an? Dáhùn, jàre.” Sunita á ní, “Dìdì, ṣé ó ń gbọ́?” Mo ní ó gbọ́ ju ìwọ lọ.

Mo máa ń ro ó pé ibo ni mo ti jẹ́ ará ilé. Lórí òkè wọ̀nyí, tí wọ́n bá rí mi lókèèrè, wọ́n á ní dìdì oníná ti dé, wọ́n á gbé àpótí fún mi jókòó. Ní kílóòsì wa, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn mi ò mọ̀ mí. Ó ń dùn mọ́ mi pé wọ́n ń pè mí níbẹ̀, ó sì ń dùn mí pé ó ń dùn mọ́ mi. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Àmọ́ àwọn àgbà ò sọ ohun tí èèyàn máa ṣe tí àjò bá ń fún un lówó oṣù.

Ọdún ńlá wọn kan ń bọ̀ nígbà tí mo lọ wo ilé àwọn tí a ti fún ní iná tẹ́lẹ̀. Ọdún náà ni gbogbo ọmọ tó wà lẹ́yìn odi fi ń wálé, kí àgbà lè lẹ ìrẹsì tí wọ́n fi àwọ̀ pupa pò mọ́ wọn níwájú orí, kí wọ́n súre fún wọn. Mo dé ọ̀dọ̀ Àmà kan tó ń dá gbé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Malaysia, ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan, òun ló fowó ránṣẹ́ pé kí a fún ìyá òun ní iná. Irú kékeré ni a fún wọn, àtùpà kan tí bátìrì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti pátákó tí wọ́n á máa sá sóòrùn.

Ilé Àmà ṣókùnkùn birimù. Igi ń jó, èéfín ń ṣe tirẹ̀, Àmà ń wúkọ́.

“Àtùpà ńkọ́?” ni mo bi wọ́n.

Ojú wọn tàn. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé nǹkan kan jáde tí wọ́n fi aṣọ pupa wé. Wọ́n tú aṣọ, náílọ́ọ̀nù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àtùpà wa ló wà nínú náílọ́ọ̀nù náà, bí a ṣe fún wọn gẹ́lẹ́. Wọ́n tún ti fi òdòdó kan lé e lórí, òdòdó náà ti gbẹ.

Inú bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo ní ṣebí mo sọ ọ́ pé bátìrì kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń kó pamọ́ sí àpótí. Mo ní ẹ wo bí ẹ ṣe ń wúkọ́, ẹ wo ojú yín, ọmọ yín ń lo agbára lọ́hùn-ún kí ẹ lè ríran, ẹ̀yin sì lọ dì í bí ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Yorùbá ti dà mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé Sunita ò túmọ̀ gbogbo rẹ̀.

Àmà gbọ́ mi tán. Ohun tí wọ́n wí, Sunita rọra sọ ọ́ fún mi: “Wọ́n ní ọmọ àwọn ló rà á. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ tan án. Wọ́n ní ṣé àwọn á wá jókòó sínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nígbà tí òun ò sí níbẹ̀? Wọ́n ní kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ mu tíì.”

Mo jókòó. Mo gba tíì. Bí mo ṣe gbé e sẹ́nu ni abọ́ tánganran Màmá mi wá sí mi lọ́kàn, nínú ìwé ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé tíì kalẹ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Gbogbo òkò tí mo ń sọ lu Àmà láti àárọ̀, Fẹ́sítákì ló ń balẹ̀ sí.

Mo jáde síta, mo pe Kọ́lá.

“Kọ́lá, sólà Màmá, ìgbà wo lo kàn án?”

Mo ń gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ má bínú.”

“Kí n má bínú sí kí ni?”

“Màmá ni ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ẹni tó rà á ló máa kọ́kọ́ tan án. Wọ́n ní tí n bá sọ fún yín, ọ̀rọ̀ ti tán láàárín wa. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, nínú páálí ẹ̀.”

“Láti ìgbà yẹn?”

“Láti ìgbà yẹn, Mà. Nígbà tá a gbé wọn lọ sí hóspítù gan-an, mo tún bẹ̀ wọ́n…”

“Hóspítù wo?”

Ó ti sọ ọ́, kò lè kó o padà mọ́. Ó ní atẹ́gùn yí èéfín jẹnẹrétọ̀ wọ yàrá lọ́jọ́ kan, èémí Màmá kò sì wọlé kò jáde. Òun àti àwọn ará òkè ló gbé wọn lọ sí hóspítù ní Amúwo. Wọ́n lo ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀. Mo rántí ọ̀sẹ̀ náà. Màmá sọ fún mi pé ìpàgọ́ ìjọ làwọn lọ, pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Mo tiẹ̀ ní kí wọ́n gbàdúrà fún mi.

N ò mọ bí mo ṣe pa fóònù. Mo kàn mọ̀ pé mo jókòó sórí òkúta, mò ń sunkún níwájú òkè tó dára tó bẹ́ẹ̀, mo sì ń sọ pé ìwọ oníná, ìwọ oníná. Sunita wá bá mi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó wọlé lọ, ó pe ọmọ Àmà ní Malaysia, ó gbé ojú fóònù sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ náà bẹ ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n tan án, pé òun ò ní lè wálé fún ọdún yìí. Àmà fi fóònù kan iwájú orí wọn, wọ́n fi kan àtùpà náà, bí ẹni pé ọmọ náà ló fọwọ́ kàn án. A sá a sóòrùn, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó tàn. Kò mọ́lẹ̀ tó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ó tàn.

Mo ní ó yá, mo ti rí ọgbọ́n kọ́. Ọjọ́ kejì, mo pe Màmá.

“Màmá, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín fún mi.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Mo mọ̀ yín ni, Mà. Mo tún mọ̀ nípa hóspítù.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. Mo ní kí Kọ́lá wá kàn án lọ́la, kí wọ́n gbé fóònù sójú súwíìṣì, kí n máa wò ó bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kí n gbàdúrà sí i, kó dà bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Mo sọ ti Àmà fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi tán.

“Fóònù kọ́ ni mo bí,” ni wọ́n wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Èéfín yẹn máa pa yín.”

“Ìyáà mi, gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbé páálí yẹn dé, mo fọwọ́ ra á lórí, mo dúpẹ́. Kọ́lá wá, ó gbé àkàbà ti ògiri. Ló bá ṣe mí bákan. Mo ní tí n bá tan nǹkan yìí báyìí, tí fáànù ń fẹ́, tí gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé o ti ṣe tìẹ nìyẹn. O ò tún ní rí ohun tó máa mú ẹ wálé mọ́. Mo ní kó wà níbẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, ó ku nǹkan kan nílé tó ń dúró dè ọ́.”

Inú bí mi sí wọn, àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n ara mi ni mo kórìíra jù. Mo gba ìsinmi, mo wálé.

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Tiwa ni. Màmá ti rù. Èjìká wọn ń gòkè tí wọ́n bá fẹ́ mí, ohun tí fóònù ò fi hàn mí rí. Mo kúnlẹ̀, wọn ò rò pé mo ń dákú. Wọ́n gbá mi mọ́ra. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n lọ pa jẹnẹrétọ̀ yìí ná.” Wọ́n ní, “Jẹun ná.” Abọ́ tánganran ni wọ́n fi gbé oúnjẹ fún mi. Mo wo abọ́, mo wo wọ́n. “Ọkọ ò sì tíì dé,” ni mo wí. Wọ́n ní, “Jẹun, jàre.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Kọ́lá fa páálí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá ti wọ aṣọ tó dára, wọ́n ti pe àwọn ará òkè. Kọ́lá gun òrùlé, ó kan pátákó. Èmi fúnra mi so wáyà. Màmá gbàdúrà, àdúrà náà gùn, oòrùn ń ta. A ní àmín. Mo tẹ súwíìṣì.

Òkùnkùn. Mo tún un tẹ̀. Mo fi irin tí a fi ń wọn iná kan ẹnu bátìrì. Ó ti kú. Ó ti pẹ́ tó ti kú, níbi tó jókòó sí tó ń dúró dè mí.

Màmá wo ọwọ́ wọn, lẹ́yìn náà wọ́n wò mí.

“Ṣé èmi ni mo pa á?” Ohùn wọn kéré.

“Rárá, Mà.”

“Mo rò pé tí a ò bá lò ó, á máa wà ní tuntun ni.”

Ẹ wò ó, kò sí ilé kan lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn tí n ò ti sọ ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn yẹn. Mo sọ ọ́ fún arúgbó, mo sọ ọ́ fún ọmọ ọwọ́ tó ń fa sòkòtò mi. Mo kọ́ èdè elédè láti lè sọ ọ́. Ìyá mi nìkan ni n ò sọ ọ́ fún, lédè tí àwọn fúnra wọn kọ́ mi. Mo sọ ìyẹn fún wọn níwájú gbogbo èèyàn. Wọ́n fọwọ́ nu ojú mi, wọ́n ní, “Ó tó. Mazamaza ò jìnnà.”

A lọ ra bátìrì mìíràn. Nígbà tó tàn, àwọn ará òkè kígbe, àwọn ọmọ kílóòsì tí kò tilẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bá wọn kígbe. Màmá ò kígbe. Wọ́n wo gílóòbù, wọ́n wo ògiri ilé ìdáná, wọ́n rí bí èéfín jẹnẹrétọ̀ ṣe kùn ún. “Ẹ wo ògiri mi,” ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n bá wọn mú àkísà wá. A jọ nù ún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fa oògùn wọn símú láìsí èéfín, mo sì jókòó tì wọ́n. Kí n tó padà, Kọ́lá gbé jẹnẹrétọ̀ lọ, Màmá sì fọ abọ́ tánganran, wọ́n dá a padà sínú ìwé rẹ̀.

Iṣẹ́ tún gbé mi lọ. Ẹ ò ní rí mi bá wí ju bí mo ti bá ara mi wí lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pe Màmá lẹ́yìn tí mo dé òkè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé fóònù ti gé. Kò sí ariwo kankan. Mo gbọ́ agogo ara ògiri wa, mo gbọ́ fáànù. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ nǹkan kan tó ń fà, tó ń súfèé díẹ̀díẹ̀, tó ń dúró, tó tún ń fà. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èémí ìyá mi ni. Dókítà sọ pé ikọ́ fée náà ti dín kù gan-an. Ohun tó ti dín kù ni mò ń gbọ́ yẹn. Gbogbo ìgbà tó fi pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ ló ń bò ó fún mi, èmi sì ń yìn wọ́n pé ohùn wọn le.

“Ẹ ti fa oògùn, Mà?”

“Mo ti fà á. Iná wà, kí ló máa dí mi lọ́wọ́? Àmọ́ ilé ti dákẹ́ jù, Ìyáà mi. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké, ó máa ń ṣe mí bíi pé èèyàn wà nílé.”

Mo fa fóònù mọ́ etí.

“Má pa fóònù,” ni wọ́n wí. “Máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ. Kó kàn wà ní títàn.”

Mo gbé fóònù lé orí páálí sólà tuntun tí a fẹ́ gbé lọ fún onílé kan, mò ń to wáyà, mò ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń mí.